Àwọn Tó Fowó Ra Ìwé

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 250, ní abúlé kan nílẹ̀ Íjíbítì, bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Aurelius Diogenes gbé ìwé síwájú ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti máa mójú tó ìrúbọ. Ẹni ọdún 72 ni. Àpá kan wà lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé náà, torí kò sí fọ́tò tí wọn ì bá fi dá a mọ̀. Ohun tó wí kò pọ̀. Ó ní òun kò fìgbà kan ṣíwọ́ bíbọ àwọn òrìṣà, pé lójú ìgbìmọ̀ lòun ti rúbọ, òun ti ta ohun mímu sílẹ̀, òun sì ti tọ́ ẹran ẹbọ wò. Kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun fọwọ́ sí i. Wọ́n bá a fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn wà títí dòní, òun àti irú rẹ̀ tó lé ní 40 tí wọ́n ti wú jáde nínú iyanrìn Íjíbítì.

Késárì Decius ló pa àṣẹ ìrúbọ náà. Nǹkan kò rọgbọ fún ìjọba Róòmù nígbà yẹn. Ogun ń bẹ lẹ́nu ibodè, ọba kan kì í pẹ́ lórí oyè kí wọ́n tó pa á, Decius sì gbà pé ojú rere àwọn òrìṣà nìkan ló lè tún ilẹ̀ ọba ṣe. Gbogbo ènìyàn ni kó wá rúbọ. Kò dárúkọ Kìrìstẹ́nì. Aurelia Ammonous, tó jẹ́ abọrẹ̀ òrìṣà ọ̀nì nílùú Arsinoe, gba ìwé tirẹ̀ bíi ti gbogbo ayé, ẹni tó jẹ́ pé ẹbọ gan-an niṣẹ́ rẹ̀! Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú àṣẹ yẹn ni pé ìjọba kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló gbà gbọ́ lọ́kàn. Wá, jẹ ẹran díẹ̀, gba ìwé rẹ, máa lọ sílé. Ohun tó wà nínú rẹ, ìwọ ló mọ̀ ọ́n.

Ìwàásù tí a ti gbọ́ nípa àwọn tó kọ̀ kò kéré. Kìnnìún ni oníwàásù wa sábà máa ń rí nínú ọ̀rọ̀ náà, kìnnìún àti iná. Òótọ́ sì ni pé àwọn kan kọ̀, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 180, wọ́n kó àwọn ará Scillium méjìlá wá síwájú gómìnà ní Carthage, ìlú ńlá tó wà ní Tùnísíà òde òní. Gómìnà fún wọn ní 30 ọjọ́ kí wọ́n lọ rò ó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó tọ́ báyìí kò ní ohun tí à ń rò sí. Ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ́ wọn lórí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣẹ Decius dé Carthage kan náà ní 70 ọdún lẹ́yìn wọn, púpọ̀ nínú ìjọ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Cyprian, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní àwọn ènìyàn sáré lọ sórí òkè tí ojúbọ wà, kí ẹnikẹ́ni tó wá mú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí àwọn ìjòyè ní kí wọ́n padà wá lọ́la, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Àwọn kan jẹ ẹran ẹbọ. Àwọn kan sun tùràrí lásán. Àwọn kan wà tí kò sun nǹkan kan, tí kò jẹ nǹkan kan. Wọ́n bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, owó bọ́ sí i lọ́wọ́, ó kọ ìwé fún wọn pé wọ́n ti rúbọ. Wọ́n ká ìwé sápò, ó di ọjọ́ Ìsinmi.

Àwọn ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, torí pé mo mọ̀ wọ́n. Ìnísà ni mo ti mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Òṣogbo wá sí Ìkìrun, tó kọjá sí Ìnísà, tó dé Òkukù, yóò rí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì bí ilé ṣe ń tẹ̀lé ilé. Ohun tí kò ní rí lójú títì ni pé inú agboolé kan ṣoṣo ni álífà, díákónì àti ẹni tó ń gbé egúngún ti máa ń wá. Omi inú kànga kan náà ni wọ́n ń pọn. Ọ̀rọ̀ wa ní apá Odò-Ọ̀tìn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ogun ló kọ́ wa pé kò sí ẹni tó lè dá gbé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Ìbàdàn pàdé Ìlọrin àti àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní Ìkìrun, àwọn tó sá kó sínú odò Ọ̀tìn pọ̀ débi tí wọ́n fi sọ ogun náà ní Jálumi. Àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀ láyé ogun yẹn, wọ́n sá wá sí Ìkìrun, ó sì tó nǹkan bí ọdún 15 kí wọ́n tó padà sílé. Ọmọ ẹni tó jẹun níwájú ilé onílé fún ọdún 15 ti mọ ohun tí à ń pè ní ẹbí. Àwọn ọba wa náà mọ̀ ọ́n. Olókukù Moses Oyèwọlé Oyinlọlá, tó jọba láti 1934 títí di 1960, orúkọ Bíbélì ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ọba níbí tó lè sọ pé apá kan nínú àwọn ọmọ ìlú òun kì í ṣe tòun, torí bàbá gbogbo ẹ̀sìn là ń pe ọba.

Nínú irú agboolé bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Gáná. Àbúrò bàbá mi ni. Ó ti ṣòwò ní òkè Gáná fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi káàkiri àwọn ìlú ọjà, ibẹ̀ ló ti gba Jésù, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe díákónì. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bàbá Gáná kò ní ìwé. (Ìwé náà ṣáá ni!) Ó dé Ìnísà pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ mẹ́ta, Bíbélì àti báàgì kan. Ẹbí tú yàrá méjì sílẹ̀ fún un. Wọ́n gé ilẹ̀ oko fún un. Àwọn tó fún un ní ilẹ̀ yìí, àwọn ló ni egúngún ilé.

Lọ́dọọdún, tí ọdún egúngún bá ti ń kanlẹ̀kùn, baálé a pe ìpàdé sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Akọ̀wé ẹbí, tíṣà ni, a ṣí ìwé gbọọrọ kan tí wọ́n ti fi bébà sìmẹ́ńtì bo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá pe orúkọ rẹ, o ó dìde, o ó ka owó rẹ sórí ẹní, yóò fa ìlà pupa síwájú orúkọ rẹ, yóò kọ ohun tí owó náà wà fún. Àwa ọmọdé ló ń gbé omi kiri. Mo ṣì rántí bí Bàbá Gáná ṣe máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, fìlà lórí orúnkún. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó ka 200 náírà, ó wá tẹ̀ síwájú díẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ má kọ egúngún síwájú tèmi o. Ẹ kọ ọ́ pé àtúnṣe ilé.”

Akọ̀wé wo ojú baálé. Baálé rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ díákónì. Ilé yìí náà á dáṣọ lọ́dún yìí.”

Gbogbo ọ̀ọ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Gáná náà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kọ àtúnṣe ilé, ó fa ìlà pupa. Nígbà tí egúngún jáde lọ́dún náà, aṣọ tuntun ló wọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, Bàbá Gáná wà ní iwájú ìjọ, ó ń gbé àwo ọrẹ kiri.

Ẹni tó bá fẹ́ lè pe èyí ní àgàbàgebè. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ pè é bẹ́ẹ̀. Èmi náà bi í léèrè nígbà tí mo dàgbà tó ẹni tó lè bi í. Ó ní, “Yàrá tí mo ń sùn sí, ta ló fún mi?” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìtàn àwọn ajẹ́rìíkú lọ́nà mìíràn. Ìbọn, idà àti kìnnìún kọ́ ló le jù nínú rẹ̀. Ẹni tó kórìíra rẹ, o lè wò ó lójú kí o sọ pé rárá. Ta ni yóò wo ẹni tó ṣe é lóore lójú? Perpetua, ọmọbìnrin bí ọdún 22 tí wọ́n pa ní Carthage lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 203, kọ ìtàn ìgbà tó wà lẹ́wọ̀n sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ọmọ ọmú. Bí mo ṣe kà á, ọ̀rọ̀ ẹranko kò gba ọkàn rẹ̀ tó ti bàbá rẹ̀. Bàbá náà wá bá a lẹ́wọ̀n. Ó ní kó wo ewú orí òun, kó rántí pé ọwọ́ òun lòun fi tọ́ ọ, pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ, kó má sọ òun di ẹni ẹ̀sín láwùjọ. Ó fẹnu ko ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wó sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì pè é ní ọmọ mọ́. Bí ẹni ń pe ìyáàfin ńlá ló ń pè é. Kí òǹkàwé Yorùbá dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Bàbá wó lulẹ̀ níwájú ọmọ tó bí. Nílé wa, ọmọ tó bá jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ti pàdánù àdúrà. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, bàbá náà tún gbé ọmọ ọmú náà wá síwájú rẹ̀. Hilarianus tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní kí wọ́n na bàbá náà lọ́pàá kí wọ́n sì lé e. Perpetua kọ ọ́ pé ó dun òun bíi pé òun ni wọ́n nà. Síbẹ̀ kò rúbọ.

Mi ò lè ka ibẹ̀ yẹn kí n má bá bàbá náà kẹ́dùn. Àwọn ìwàásù wa máa ń fi í ṣe ọmọ ogun Èṣù. Bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kú ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ẹ̀sìn yìí dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Crowther dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ọdún kẹta lẹ́yìn náà, ní 1849, àwọn ará ìlú dìde sí àwọn tó gbàgbọ́. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn sínú àbà, wọ́n ní kí wọ́n padà sídìí òrìṣà. Ògbóni wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn abọrẹ̀ tí owó ẹbọ ń já fún náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń fa àwọn ènìyàn wọ̀nyí jáde nílé? Ẹ̀gbọ́n, ìyá, ọkọ, àna. Ẹni tí kò bá bá ẹbí ṣe òkú mọ́, ta ni yóò ṣe òkú tirẹ̀? Ìbéèrè tó wà lẹ́nu wọn nìyẹn, kì í sì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1867, tí wọ́n fọ́ àwọn ilé ìjọsìn ní Abẹ́òkúta tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó àlùfáà jáde. Ìyẹn ní òṣèlú nínú púpọ̀, ìbínú sí ìjọba Èkó ló wà nídìí rẹ̀. Ti 1849 ló jọ ti agboolé.

A kò sì gbọ́dọ̀ pa apá kejì ìtàn mọ́. Àwọn tí Decius fipá mú rúbọ ní 250, kò tó 150 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ tí Késárì Theodosius, onígbàgbọ́, fi òfin sọ ẹbọ rírú di ẹ̀ṣẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ ọba. Láyé tiwa náà, oníwàásù tó ń fọ́ ojúbọ olójúbọ, tó ń sun ère tí kì í ṣe tirẹ̀, Perpetua kọ́ ló ń tẹ̀lé.

Àwọn kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ tiwọn kò ní kọ̀rọ̀ nínú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2018, wọ́n jí àwọn ọmọbìnrin 110 gbé nílé ìwé ní Dapchi, Ìpínlẹ̀ Yobe. Kí oṣù tó tẹ̀lé e tó parí, wọ́n ti dá èyí tó pọ̀ jù padà. Wọn kò dá Leah Sharibu padà, ọmọ ọdún 14, torí ó kọ̀ láti sẹ́ Kírísítì. Mo ti gbọ́ tí àgbàlagbà kan nínú ìjọ sọ pé ọmọ náà ì bá ṣáà ti fẹnu sọ ọ́, Ọlọ́run mọ ọkàn. Ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba Decius ń sọ gan-an nìyẹn.

Nígbà tí Decius kú lójú ogun ní 251, tí ìjì náà rọlẹ̀, ìjọ Carthage wá bá ara rẹ̀ nínú ìṣòro tó le ju ti ẹ̀wọ̀n lọ. Àwọn tó sẹ́ Jésù fẹ́ padà wá jẹun lórí tábìlì Olúwa. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n tí kò sẹ́ ẹ ti ń kọ ìwé àlàáfíà fún wọn pé kí ìjọ gbà wọ́n. Àwọn ìwé mìíràn kò tilẹ̀ dárúkọ. Wọ́n kọ ọ́ pé kí a gba lágbájá àti àwọn ènìyàn rẹ̀, Cyprian sì pariwo pé ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn lè gba abẹ́ ìwé kan wọlé. Ẹ ò rí i pé ìwé ni wọ́n fi ra ìwé padà! Ní Róòmù, Novatian ní ẹni tó bá ti ṣubú, ìjọ kò gbọdọ̀ gbà á mọ́ láéláé, ó sì dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ tó wà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Cyprian kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Òun náà ti sá pamọ́ nígbà àṣẹ Decius, láti ibi ìsápamọ́ ló ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọ, àwọn àlùfáà Róòmù sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìdájọ́ rẹ̀ fi ní ojú àánú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ le. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní 251 ní kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló sáré lọ fúnra rẹ̀? Ta ni wọ́n wọ́ lọ? Ta ló dá lọ rúbọ kí ìyàwó, ọmọ àti ará ilé rẹ̀ má bàa lọ? Àwọn tó fowó ra ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ gbà padà, lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹ́wọ́. Àwọn tó jẹ ẹran ẹbọ gan-an ní láti ronú pìwà dà fún ìgbà pípẹ́. Cyprian tún rán wọn létí Castus àti Aemilius, tó yẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ nígbà tí ìyà pọ̀, tí wọ́n sì dúró nígbà kejì títí iná fi pa wọ́n. Nígbà tó kan Cyprian fúnra rẹ̀ lábẹ́ Késárì Valerian, kò sá mọ́. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258, ó sì ní kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ bẹ́ ẹ ní owó wúrà 25.

Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún nínú ìpàdé 251 yẹn ni pé wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́. Ìjọ tiwa kì í fẹ́ gbọ́. Ìwé ló fẹ́. Nígbà tí Bàbá Gáná kú, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè nípa egúngún tàbí nípa ẹni tó fún un ní yàrá. Káàdì ni wọ́n ní ká mú wá. Ó ti ṣàìsàn tó ọdún kan àtààbọ̀, kò san owó ìjọ ní gbogbo àkókò náà, agogo kò sì ní lù fún ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá pé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó owó jọ lójú ẹsẹ̀. Akápò já rìsíìtì. Mo wo ohun tó kọ sí i: àtúnṣe ilé Olúwa. Wọ́n ń pààrọ̀ páànù lóòótọ́ lọ́dún náà.

Àkọ́bí rẹ̀ ń gbé Èkó báyìí. Ìwé gbọọrọ ti di ti WhatsApp; tí ọdún egúngún bá ti ń bọ̀, akọ̀wé tuntun a fi orúkọ gbogbo wa ṣọwọ́ pẹ̀lú iye tó kan oníkálukú. Lọ́dún tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rọ́pò ti bàbá rẹ̀, ó wọkọ̀ wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún baálé, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní san owó egúngún, mi ò sì ní fi orúkọ mìíràn pè é. Ṣùgbọ́n omi tí à ń pọn kò dáa, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ilé.” Àwọn kan kùn. Baálé dákẹ́ díẹ̀, ó gbàdúrà fún un, ó ní kó dìde.

Wọ́n gbẹ́ kànga náà, gbogbo agboolé ló ń pọn ọ́n, títí kan ilé tí wọ́n ń gbé ẹ̀kú sí. Síbẹ̀ lọ́dọọdún, akọ̀wé ṣì ń kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwọn tó jẹ gbèsè, gbèsè náà sì ń gun ara wọn. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé òótọ́ ni, òun kò san án.